Bi Wọ́n Léèrè Bí Wọ́n Ṣe Ń Ka Ọdún Márùn-ún

Ìkòròdú,
Ọjọ́bọ̀.

Àṣàkẹ́ mi, ọmọ tí mo bí tó tún ń ṣe bí ìyá mi,

Ṣé ojúgun ò dùn ọ́ mọ́? Mo rí i lọ́jọ́ Àìkú bí ọmọbìnrin gọ̀gọ̀rọ̀ yẹn ṣe gbá ọ lẹ́sẹ̀, tí o ṣubú, tí o dìde, tí o ń tiro. Mo fọwọ́ pa ojú fóònù níbi tí ẹsẹ̀ rẹ wà. Bàbá rẹ ní kí n yé fọwọ́ òróró ba fóònù àwọn jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ ò mọ ohun tí ojú ìyá ń rí.

Mo ń kọ ìwé sí ọ nítorí pé mi ò fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ mọ́. Ohùn ló kó bá mi. Bàbá rẹ á ya ojúewé kọ̀ọ̀kan ní fọ́tò, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ọ lórí Wásáàpù. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má kà á. Wọ́n á kà á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, o sọ fún mi pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ lókè òkun lọ́hùn-ún ti gbé ìwé àdéhùn ọdún márùn-ún wá, pé ìparí oṣù yìí ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì. O bi mí pé, "Màámi, kí ni kí n ṣe?" Aṣọ ni mò ń gé lọ́wọ́. Mo ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, mo gbé fóònù, mo ní, "Má tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọdún márùn-ún ti pọ̀ jù. Máa bọ̀ nílé." Mo wá bú sẹ́kún sí i, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi ránṣẹ́. Lánàá ni bàbá rẹ sọ fún mi pé o ti ní kí aṣojú rẹ lọ sọ fún ẹgbẹ́ náà lọ́jọ́ Mọ́ńdè pé o ò ṣe mọ́, pé ìyá rẹ ò fẹ́.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ, inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ti ń ro ibi tí a máa gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ sí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà mí. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ṣùgbọ́n Mọ́ńdè ò tíì dé. Jókòó, ọmọ mi, bọ́ bàtà, kí o ka èyí tán kí o tó pe ẹnikẹ́ni.

Èkíní tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni pé ẹkún kì í ṣe ìmọ̀ràn. Àárò rẹ ló ń sọ mí. Mo ṣì ń se ìkọ́kọrẹ́ tó tó ẹni mẹ́ta, a ó jẹ ẹ́ tì, bàbá rẹ á tún jẹ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n á máa ráhùn. Bàtà bọ́ọ̀lù rẹ àtijọ́, èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti là, mo ṣì ń sá a sórí fẹ́ńsì bí òjò bá ti dá. Obìnrin tó kó wá sí òdìkejì wa bi mí pé ta ló ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ilé yìí. Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní ṣé ó ti dé ni? Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn.

Bí mo bá ń lọ ra òwú ní Ágíríkì, mo máa ń gba ibi tí a ti jọ ń dúró de ọkọ̀ láàárọ̀ Sátidé, ìwọ pẹ̀lú báàgì tó tóbi jù ọ́ lọ, búrẹ́dì lẹ́nu, tí o ń bá kọ̀ńdọ́ jiyàn. Kò sí ohun tí mò ń wá níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ta òwú ò tiẹ̀ sún mọ́ ọ̀hún. Mo kàn máa ń dúró díẹ̀, kí n tó máa lọ.

Ọdún mẹ́ta ni bàbá rẹ ń sọ pé o ti lọ. Èmi ń kà á sí mẹ́rin. Má rò pé ìyá rẹ ò mọ ìṣirò o. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti máa kà á nílé nìyẹn, kíkà yẹn ló sì fẹ́ ba ayé mi jẹ́. Mi ò sọ ìtàn náà fún ọ rí.

O rántí ọdún kan tí èmi àti ìwọ gbé ní Ẹ̀pẹ́, nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún márùn-ún? O bi mí nígbà kan bóyá èmi àti bàbá rẹ jà ni. Mo ní rárá, mo sì yára yí ọ̀rọ̀ padà. A ò jà. Ojú ló ń tì mí. Àwa òbí máa ń fẹ́ kí ọmọ wa rò pé inú ọgbọ́n ni wọ́n bí wa sí.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí ìyá mi fi ọkọ̀ ojú omi gbé mi láti Èjìnrìn lọ sí Ẹ̀pẹ́ pé kí n lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ Ìyá Wúrà. Àdéhùn wà. Ìyá Wúrà kọ ọ́ sínú ìwé pé ọdún márùn-ún ni, wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́, ìyá mi tí ò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà tẹ̀ka sí i. Bí mo bá lo ọdún márùn-ún yẹn pé, Ìyá Wúrà á ṣe fírídọ̀mù fún mi: wọ́n á pe ẹgbẹ́ télọ̀, wọ́n á gbàdúrà sí mi lórí, wọ́n á gbé sísọ́ọ̀sì lé mi lọ́wọ́ lójú gbogbo ènìyàn, wọ́n á fún mi ní ìwé ẹ̀rí. Ẹni tí wọn ò bá ṣe é fún, ó lè mọ aṣọ rán ju ọ̀gá lọ, kò lè dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀.

Wàyí o, ṣé o mọ bí àwọn àgbà wa ṣe ń ka ọjọ́? Wọn kì í fi ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lónìí Mọ́ńdè, Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni wọ́n á sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n á ní ó pé ọjọ́ mẹ́jọ. Olùkọ́ rẹ á ní méje ni. Ìjẹta tí à ń wí yìí, ẹ̀ta wà nínú orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ méjì péré ló ti kọjá. Bí ọjà bá jẹ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún, òní tí à ń ná an ni ọjọ́ kìn-ín-ní. Bí ìyá mi ṣe ń ka gbogbo nǹkan nìyẹn. Ọdún Iléyá ni wọ́n sì fi ń ka ọdún.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n ṣe Iléyá ni mo wọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Wúrà. Ìyá mi ka Iléyá yẹn sí ọ̀kan. Wọ́n ń kà á lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Iléyá karùn-ún kọjá, wọ́n gbé ẹja yíyan àti ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n pe àbúrò wọn dání, wọ́n wá sí Ẹ̀pẹ́ pé ọmọ àwọn ti pé ọdún márùn-ún, kí ọ̀gá dá ọjọ́ fírídọ̀mù. Èmi náà ti rò pé ó pé. Mo ti rán aṣọ tí mo máa wọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìyá Wúrà mú ìwé jáde. Wọ́n kà á láti ọjọ́ tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́. Nǹkan bí ọdún mẹ́rin péré ni. Ìyá mi ní irọ́ ni, pé òun ò ní ka márùn-ún kí ẹnìkan sọ ọ́ di mẹ́rin. Ìyá Wúrà wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ló da gbogbo rẹ̀ rú. Wọ́n ní, "Ìyá, ọdún tí ẹ ṣe lẹ kà. Ẹ ò ka ọdún tí ọmọ lò."

Ìyá mi dìde. Wọ́n ní wọn ò ní fi ọmọ àwọn ṣẹrú. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́ mú, abẹ́rẹ́ ṣì wà létí aṣọ mi, a sì bọ́ síta. Mo wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Ìyá Wúrà ò pè wá padà, wọn ò sì bú wa. Wọ́n kàn ń ká ìwé yẹn bí wọ́n ṣe máa ń ká a.

Bí mo ṣe dé Ìkòròdú nìyẹn, láìgba fírídọ̀mù. Mo bá obìnrin kan ṣiṣẹ́ ní Ágíríkì. Kò sí ìwé, kò sí àdéhùn, kò sí ọdún tí ẹnikẹ́ni ń kà. Inú mi dùn sí i nígbà yẹn, mo ní ó dára bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fi ìwé dè mí mọ́. Mo lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀. Mo fẹ́ ọkọ níbẹ̀, mo lóyún rẹ níbẹ̀, mo tẹ́ ọ sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Lọ́dọọdún ni mò ń sọ pé mo máa kúrò, lọ́dọọdún ni ẹ̀rù ń bà mí. Ẹni tó ti fi ìbínú kúrò níbìkan rí, ó máa ń fi ẹ̀rù dúró síbòmíràn.

Ọmọbìnrin kan wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ obìnrin náà, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ etí aṣọ. Ó pé ọdún rẹ̀, wọ́n ṣe fírídọ̀mù fún un. Ó kúnlẹ̀, wọ́n gbé sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́, àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo gbé abọ́ ẹlẹ́rìndòdò dúró lẹ́yìn, tí mò ń pín in. Ọmọ náà rí mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ ṣeun o." Mo dé ilé lọ́jọ́ yẹn, mo sọ fún bàbá rẹ pé mò ń padà sí Ẹ̀pẹ́.

Ẹnu yà wọ́n. Wọ́n bi mí bóyá obìnrin ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fẹ́ lọ máa gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ronú títí di ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí n mú ọ dání, pé àwọn á máa wá ní gbogbo Sátidé. Wọ́n sì ń wá. Bí o bá rí bàbá rẹ tí wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò bìkítà, má gbà wọ́n gbọ́.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Wúrà. Wọ́n ti darúgbó, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń bá wọn ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Mo ní mo wá parí iṣẹ́ mi. "Ọdún kan yẹn ṣì wà níbí," ni wọ́n wí. "Ibo ni ì bá lọ?"

Wọn ò yọ ọjọ́ kan fún mi. Mo gbálẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tí mo lè bí, mo pọnmi, mo tú aṣọ tí wọ́n bá ní ó wọ́. Ìwọ sì ń dà mí láàmú. Mo kó ègé aṣọ tó wà nílẹ̀ jọ, mo rán an ní roboto, kí o rí nǹkan fi ṣeré, kí o yé tú òwú àwọn ènìyàn. Kàkà kí o jókòó pẹ̀lú rẹ̀, ẹsẹ̀ lo fi ń gbá a mọ́ ògiri láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Wúrà tẹ́tí sí i, wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ ọmọ yìí ò ní gbà kí wọ́n so òun mọ́dìí máṣíìnì." Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀, Àṣàkẹ́. Àwọn oníròyìn tí o ń sọ fún pé Ìkòròdú ni, wọn ò gbọ́ ọ tán.

Nígbà tí ọdún náà pé, Ìyá Wúrà gbé sísọ́ọ̀sì lé mi lọ́wọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ rèé. Èyí tí o bá ti mọ̀ nínú rẹ̀, fò ó.

Bi ẹgbẹ́ yẹn léèrè bí wọ́n ṣe ń ka ọdún márùn-ún wọn. Ọjọ́ wo ni ọ̀kan bẹ̀rẹ̀? Ṣé ọdún tí ẹ ti gbá dé àárín yìí wà nínú rẹ̀, àbí ó di èyí tó ń bọ̀? Bàbá rẹ ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń ní ìlà kan nísàlẹ̀ tó sọ pé ẹgbẹ́ lè fi ọdún kan kún un bó bá wù wọ́n. Bó bá wù wọ́n. Ìwọ ńkọ́, bí kò bá wù ọ́? Kí wọ́n kọ tìrẹ náà síbẹ̀. Má tijú láti béèrè. Èmi àti ìyá mi rò pé a mọ ohun tí ọdún jẹ́, a ò bi ẹnikẹ́ni, wo ibi tó gbé mi dé.

Aṣojú rẹ, ọmọ dáadáa ni, ó máa ń kí mi. Ṣùgbọ́n bí o bá tọwọ́ bọ̀wé, òun náà á jẹ níbẹ̀, bí o ò bá tọwọ́ bọ̀ ọ́, kò ní jẹ. Wá agbẹjọ́rò tí kì í bá a jẹun nínú abọ́ kan náà, kí ó kà á fún ọ láti òkè délẹ̀. Kí o gbọ́ ọ yé. Èyí tí o ò bá gbọ́, má mi orí sí i.

Kí o sì wo ohun tí wọ́n kọ nípa ẹsẹ̀ tó bá ṣẹ́, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ta ni á tọ́jú rẹ, títí dìgbà wo? Wo ohun tí wọ́n kọ nípa oyún pẹ̀lú. Má rẹ́rìn-ín. Obìnrin ni ọ́, ọdún márùn-ún kì í ṣe ọjọ́ márùn-ún. Bí o bá lóyún lọ́dún kẹta, ṣé àyè rẹ á ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí o bá padà? Bí ìwé náà bá dákẹ́ lórí ìyẹn, má bá a dákẹ́.

Lórí ọ̀rọ̀ ọkọ, mo mọ̀ pé èmi àti àǹtí rẹ ti yọ ọ́ lẹ́nu. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni ọ́, a ti ń ro pé ọdún márùn-ún á sọ ọ́ di mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, a wá ń pariwo bí ẹni pé ilé ń jó. Mo ti ní kí àǹtí rẹ dákẹ́. Èmi náà ti dákẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ọ, yóò wá ọ dé ibi tí òtútù yẹn wà.

Má fi ìbínú kúrò níbìkan, má sì fi ẹ̀rù dúró síbìkan. Bí o bá kọ̀ ọ́, kó jẹ́ pé o ti wò ó pé ibòmíràn á mú bọ́ọ̀lù rẹ dára sí i. Bí o bá gbà á, kó má jẹ́ nítorí pé ẹ̀rù ń bà ọ́ pé kò sẹ́ni tó máa pè ọ́ mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ tuntun tí wọ́n kún inú ilé rẹ nísinsìnyí, tí oníkálukú ń sọ ohun tí o máa ṣe, ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́ ni. Fi ọ̀wọ̀ gbọ́ tiwọn, kí o sì ṣe tìrẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Òun ló le jù fún mi láti kọ.

Lẹ́yìn tí ìyá mi fà mí kúrò ní Ẹ̀pẹ́, mi ò bá wọn jà. Mò ń lọ kí wọn ní Èjìnrìn, mò ń kúnlẹ̀, mò ń rán aṣọ Iléyá fún wọn. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà lójú mi nígbàkígbà tí mo bá wò wọ́n, wọ́n sì ń rí i. Lọ́dún tí wọ́n kú, a jókòó síwájú ilé wọn, wọ́n bi mí pé, "Àbẹ̀kẹ́, kí ni mo ṣe fún ọ?" Mo ní kò sí. Wọ́n ní, "Ó wà." Wọn ò sọ ọ́ mọ́, èmi náà ò sọ ọ́. Ìfẹ́ ni wọ́n fi gbá mi lọ́wọ́ mú lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀ ọ́n báyìí, wọn ò sí níbẹ̀ kí n sọ fún wọn.

Mo fẹ́ kí o wálé, Àṣàkẹ́. Mi ò ní purọ́ fún ọ nínú ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ. Mo fẹ́ gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ ní pásẹ́ẹ̀jì, mo fẹ́ kí o jẹ ìkọ́kọrẹ́ mi kí o ní iyọ̀ ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí o wálé kí o wá máa wò mí bí mo ṣe wo ìyá mi. Ó sàn kí o wà lọ́nà jíjìn, kí inú rẹ mọ́ sí mi.

Pe aṣojú rẹ kí Mọ́ńdè tó dé. Sọ fún un pé ìyá rẹ ti yọ ọwọ́ kúrò nínú ìwé náà. Ọwọ́ tìrẹ nìkan ló kù.

Ìyá rẹ ni,
Àbẹ̀kẹ́.